Ìwé báńkì àtijọ́, báńkì tí kò sí mọ́: ta ni ó jẹ mí ní owó mi?

Ìbéèrè tí a rí gbà láti Ìkòròdú: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọdún 1996, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìbàdàn, mo ṣí àkántì ìfowópamọ́ sí Co-operative Bank. Orúkọ bàbá mi ni mo ń jẹ́ nígbà náà. Mo lọ́kọ ní ọdún 2001, mo kó wá sí Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ owó náà sì fò mí lọ. Ní oṣù tó kọjá, tí à ń kó ẹrù kúrò ní Ìgbógbó, mo rí ìwé báńkì náà nísàlẹ̀ àpótí. Oṣù kẹta ọdún 2001 ni òǹtẹ̀ ìkẹyìn inú rẹ̀, ₦18,450 ló sì wà níbẹ̀. Báńkì yẹn ò sí mọ́. Ọkọ mi ní ìjọba ti kó gbogbo irú owó bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi fi BVN mi wá a, kò rí nǹkan kan. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ní Sábó sọ pé òun mọ ẹnìkan ní CBN, kí n san ₦15,000 sílẹ̀, ká sì jọ pín èyí tó bá jáde. Màmá mi, tí mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní báńkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan mi, ti di olóògbé. Èmi gan-an ò tiẹ̀ rántí bí mo ṣe ń fọwọ́ síwèé nígbà náà mọ́. Ṣé owó yìí ṣì wà?»

Àbúrò wa, mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú gègé, nítorí pé ìbéèrè márùn-ún ni ẹ dì sínú ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ ń bẹ̀rù pé báńkì ti kú, pé ìjọba ti gba owó náà, pé kọ̀ǹpútà ò mọ̀ yín, pé ẹlẹ́rìí yín ti lọ, àti pé ọwọ́ yín fúnra yín ti gbàgbé ara rẹ̀. Mo lè sọ fún yín láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé, nínú márààrún, èkíní àti èkejì kì í ṣe ìdènà rárá. Ẹ̀kẹta kò fi nǹkan kan hàn. Ẹ̀kẹrin kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀karùn-ún nìkan ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Gbèsè ni owó tí ẹ fi sí báńkì, báńkì ló sì jẹ yín. Gbèsè kì í kú nítorí pé ẹni tó jẹ ẹ́ yí orúkọ padà, kì í sì í kú nítorí pé ẹni tí wọ́n jẹ gbàgbé rẹ̀. Ohun tó kù láti ṣe ni pé kí ẹ mọ ọwọ́ ẹni tí gbèsè náà wà lónìí, kí ẹ sì fi hàn án pé ẹ̀yin gan-an ni ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí báńkì tí ẹ ní kò sí mọ́. Bí alájọ bá kú, tí ọmọ rẹ̀ gba ìwé àjọ àti àwọn oníbàárà bàbá rẹ̀, kò lè sọ fún obìnrin tó ti dá àjọ fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pé òun ò mọ ohun tó wà láàárín òun àti olóògbé. Bí ó bá gba iṣẹ́, ó gba gbèsè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti báńkì. Ní oṣù keje ọdún 2004, Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, ìyẹn CBN, kéde pé báńkì èyíkéyìí tí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò bá tó bílíọ̀nù márùndínlọ́gbọ̀n náírà (₦25 bílíọ̀nù) nígbà tí ọdún 2005 bá fi máa parí kò ní lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Bílíọ̀nù méjì péré ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀. Báńkì mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún (89) ló wà nígbà náà. Nígbà tí eruku fi máa rọlẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n (25) ló kù. Púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ kò rí mọ́ kò kú, ńṣe ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn. Co-operative Bank tiyín dara pọ̀ mọ́ Prudent Bank, Bond Bank, Reliance Bank àti EIB International Bank, wọ́n sì di Skye Bank ní ọdún 2006. Skye náà rìn títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, CBN gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, wọ́n sì kó ohun ìní rẹ̀ àti gbèsè tó jẹ àwọn oníbàárà lé Polaris Bank lọ́wọ́. Nítorí náà, ìdáhùn sí «báńkì ò sí mọ́» ni pé ẹ̀ka Polaris tó bá súnmọ́ yín ni ẹ máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ kò nílò láti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, nítorí ẹ̀ka kì í ṣe báńkì ọ̀tọ̀. Ẹ̀ka yòówù lè gba ìwé yín kí ó sì fi ránṣẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn tó ń ka èyí ní ìwé tiwọn lábẹ́ ibùsùn, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ nítorí tiwọn. Ẹni tó ní ìwé Oceanic Bank, kó wá Ecobank lọ. Intercontinental àti Diamond ti di Access. Afribank di Mainstreet, Mainstreet bọ́ sọ́wọ́ Skye, ìyẹn ni pé Polaris náà ni. Bank PHB di Keystone. FinBank bọ́ sọ́wọ́ FCMB. Equitorial Trust Bank bọ́ sọ́wọ́ Sterling. Standard Trust Bank so pọ̀ mọ́ UBA. National Bank ti àwọn bàbá wa wọlé sí Wema. Èyí tó máa ń ya àwọn àgbàlagbà lẹ́nu jù lọ ni ìwé ìfowópamọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń lù ní òǹtẹ̀ ní pósí-ọ́fíìsì: ilé ìfowópamọ́ yẹn di Federal Savings Bank, ó tún di FSB International, FSB sì wọ inú Fidelity ní ọdún 2005. Mi ò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni pé rírí àkọsílẹ̀ ìgbà yẹn rọrùn, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹ ti mọ ilẹ̀kùn tí ẹ máa kàn.

Ó ku àwọn báńkì tó kú ní tòótọ́, tí kò sí ẹni tó jogún wọn. Àwọn yẹn wà lọ́wọ́ àjọ NDIC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1988 láti dójútòfò owó tí àwọn aráàlú fi pamọ́. Spring Bank, tó di Enterprise Bank, tó tún bọ́ sọ́wọ́ Heritage, parí ìrìn àjò rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí CBN gba ìwé àṣẹ Heritage ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2024. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, mílíọ̀nù márùn-ún náírà (₦5,000,000) ni òkè ohun tí NDIC ń kọ́kọ́ san fún oníbàárà kan nínú báńkì ńlá tó bá kú, mílíọ̀nù méjì (₦2,000,000) sì ni ti máíkírófáínáǹsì. Èyí tó bá lé sí i, ẹni tó ni ín á dúró de ìgbà tí wọ́n bá ta ohun ìní báńkì náà. Ní ti àwọn báńkì ìbílẹ̀, èyí tí a ń pè ní community bank, tí ó kún agbègbè wa láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1990, òpin ọdún 2007 ni wọ́n fún wọn láti di máíkírófáínáǹsì. Àwọn kan ṣe é, àwọn kan kò lè ṣe é, CBN sì gba ìwé àṣẹ ilé máíkírófáínáǹsì 224 lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010. Ibi tí ọkàn mi ti máa ń bàjẹ́ nìyẹn, nítorí pé káàdì páálí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe àkọsílẹ̀, káàdì yẹn kò sì pẹ́ láyé ju òrùlé tó bò ó lọ. Ẹ̀yin kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, ẹ kú oríire.

Mo wá kan ọkọ yín, tí mo sì kí wọn, nítorí pé ohun tí wọ́n sọ ní gbòǹgbò, àmọ́ wọ́n gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láìgbọ́ ìparí rẹ̀. Òfin ìnáwó ọdún 2020, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, sọ pé owó tó bá wà nínú àkántì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú èrè ìpín okòwò tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà, lè lọ sí àpò àkànṣe kan tí ìjọba àpapọ̀ á máa lò. Ariwo pọ̀ nígbà yẹn, àwọn èèyàn sì ń sọ ọ́ káàkiri pé wọ́n ti fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé owó olówó. Òfin kan náà ló sọ pé gbèsè ni owó yẹn jẹ́ lọ́rùn ìjọba, pé olówó lè wá béèrè rẹ̀ nígbàkugbà. Lẹ́yìn náà, ní oṣù keje ọdún 2024, CBN fi ìlànà tirẹ̀ síta: àkántì tí oníbàárà kò bá lò fún ọdún kan ti sùn, èyí tó bá sì sùn fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí báńkì kó owó inú rẹ̀ lọ sí àpò kan lọ́dọ̀ CBN. CBN lè fi owó náà ra ìwé gbèsè ìjọba kó má baà jókòó lásán. Bí olówó bá yọjú, tí báńkì rẹ̀ sì béèrè, CBN gbọ́dọ̀ dá owó náà padà, pẹ̀lú èlé bí èyíkéyìí bá wà, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Tiyín ti lé ní ogún ọdún, kò ní yà mí lẹ́nu bí ó bá ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ kan: báńkì rẹ̀ ló ń béèrè. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa lọ bá CBN, Polaris ló máa ṣe é fún yín. Ìlànà náà tún pa á láṣẹ pé kí báńkì máa gbé orúkọ àwọn tó ni irú àkántì bẹ́ẹ̀ síta, ẹ lè bá ọmọ yín wo ìkànnì báńkì náà. Bí ẹ kò bá rí orúkọ yín níbẹ̀, ẹ má torí ìyẹn pa dà sílé.

Ọmọ yín ṣe dáadáa bó ṣe gbìyànjú, ṣùgbọ́n ohun tí kò sí níbi kan ló ń wá níbẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2014 ni BVN bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àkántì yín ti sùn fún ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá kí wọ́n tó bí BVN. Àkántì tí olówó rẹ̀ kò bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé BVN lọ fún kì í so mọ́ ọn, báńkì kì í sì í ṣe aláfọ̀ṣẹ tó máa mọ̀ pé obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ ní Ìkòròdú ni ọmọge tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn. Bákan náà ni nọ́ńbà tó wà lára ìwé yín: ẹ kà á, ẹ ó rí i pé ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ mẹ́wàá. Láti ìgbà tí nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́wàá, NUBAN, ti dé ní nǹkan bí ọdún 2011, gbogbo nọ́ńbà àtijọ́ ló ti yí padà. Bí ọmọdé òṣìṣẹ́ kan bá tẹ nọ́ńbà àtijọ́ yẹn sínú kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ̀ ọ́n, ọmọ náà á gbójú sókè á ní, «Màmá, àkántì yìí kò sí.» Kò parọ́, kò sì sọ òtítọ́. Kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ kò ní ohun tó ń béèrè, ẹ̀ka iṣẹ́ tó wà ní olú ilé iṣẹ́ ló ní in.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ̀rètí nù. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ báńkì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní Ìkòròdú níbí, mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí báńkì tiwa, tí mi ò ní dárúkọ, so pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn. Báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó ń sọ èdè tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń da àkọsílẹ̀ wọn pọ̀, àwọn àkántì tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kó, nítorí pé olówó wọn lè wá pariwo lọ́la. Àwọn tó sùn, tí owó inú wọn kéré, ni wọ́n kó kẹ́yìn, nígbà mìíràn wọ́n á da ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sínú àpò kan ṣoṣo, wọ́n á sì fi àkọsílẹ̀ orúkọ wọn sínú fáìlì ọ̀tọ̀. Káàdì tí oníbàárà fọwọ́ sí ní ọjọ́ tó ṣí àkántì, tó ní àwòrán rẹ̀ lára, wọ́n kó wọn sínú páálí, wọ́n fi okùn dì wọ́n, wọ́n sì kó wọn sí yàrá kan lẹ́yìn ilé wa. Òjò rọ̀ ní ọdún náà, omi wọ yàrá yẹn. Mo rántí pé èmi àti ẹnìkejì mi sá káàdì sórí tábìlì bí ẹni ń sá ẹja. A rí púpọ̀ gbà là nínú wọn, a kò rí gbogbo rẹ̀. Èyí ló fà á tí mo fi ń sọ fún yín pé ìwé kékeré ọwọ́ yín yẹn níye lórí ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé bí káàdì tiwọn bá ti bàjẹ́, òun nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ojúlówó rẹ̀ gbé lọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ojú ìwé tó ní nǹkan lára, títí kan èèpo ẹ̀yìn. Ẹ fi ojúlówó hàn wọ́n, kí ẹ sì gbà á padà kí ẹ tó dìde.

Bí ẹ bá dé báńkì, ẹ má dúró sídìí ihò tí wọ́n ti ń gba owó. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oníbàárà, ẹ jókòó, kí ẹ sì fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Mo ní lẹ́tà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wọ fáìlì. Kí lẹ́tà náà sọ orúkọ tí ẹ fi ṣí àkántì, orúkọ tí ẹ ń jẹ́ báyìí, orúkọ báńkì àtijọ́ náà àti ẹ̀ka rẹ̀ ní Ìbàdàn, nọ́ńbà àtijọ́, ọdún tí ẹ ṣí i, ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ ìkẹyìn àti iye tó wà níbẹ̀. Kí ó ní kí wọ́n wá àkọsílẹ̀ Co-operative Bank àti Skye Bank, kí wọ́n sì wo àwọn owó tí wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ CBN. Bí ẹ kò bá kọ èyí, ohun tó súnmọ́ wọn jù ni wọ́n máa wò. Ẹ ṣe lẹ́tà náà ní méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà, pẹ̀lú ọjọ́, sára èyí tí ẹ máa mú relé. Kò yẹ kí wọ́n gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín láti jí àkántì náà, ìlànà CBN lórí owó tí báńkì lè gbà kò fàyè gba ìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ìdáhùn tó ní láárí, tàbí bí wọ́n bá kàn sọ fún yín pé «kò sí», ẹ béèrè ìyẹn lórí ìwé, kí ẹ wá kọ̀wé sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní cpd@cbn.gov.ng, kí ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ náà kún un. Mo ti rí fáìlì tó sùn fún oṣù mẹ́rin tó jí ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo sì ti rí èyí tí kò jí, mi ò ní fi èyí pamọ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ẹ gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún jù lọ. Báńkì ò ní jiyàn pé gbèsè wà, ohun tí wọ́n máa jiyàn lé lórí ni pé ṣé ẹ̀yin ni. Bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín ti so orúkọ méjèèjì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìdílé tàbí ti yìgì nìkan, tí kò sí ìwé tí báńkì máa tẹ́wọ́ gbà, ẹ lọ búra ní ilé ẹjọ́ gíga pé ẹnìkan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Ilé ẹjọ́ gíga wà ní Ìkòròdú níbí, ẹ kò ní rìn jìnnà. Báńkì míràn á tún ní kí ẹ gbé ìyípadà orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn. Ẹ má san owó ìwé ìròyìn kí wọ́n tó béèrè rẹ̀. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yín sínú ìwé báńkì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́tà rẹ̀. Ìyà tí orúkọ Yorùbá ń jẹ lọ́wọ́ akọ̀wé báńkì kò kéré: Folasade di Folashade, Mosunmola pàdánù «n» rẹ̀, Ganiyat di Ganiat. Ní ọdún 1996, ẹni tó ń kọ ọ́ kò bèèrè, a kò sì bá a jà. Lónìí, bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ sí ti NIN yín, kọ̀ǹpútà á ní ẹlòmíràn ni. Ọjọ́ ìbí náà ńkọ́? Bí ẹ bá dín ọdún kù nígbà tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, tí ẹ sì sọ òótọ́ níbi NIN (mi ò ní ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ o), kí ẹ fi kún ìbúra kan náà, kí ẹ má baà lọ sí kóòtù lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti màmá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ikú wọn kò dí owó yín lọ́wọ́. Orúkọ ìbátan tí a ń kọ sílẹ̀ ní báńkì, ẹni tí wọ́n lè wá bí wọn kò bá rí yín ni, kì í ṣe ajogún, kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí tí wọ́n máa pè kí ẹ tó gba owó. Ẹ kàn fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kún fọ́ọ̀mù. Àṣìṣe yìí máa ń fa ìjà ní ìdílé nígbà tó bá jẹ́ pé ẹni tó ni àkántì ló kú: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ á rò pé tòun ni, báńkì ò sì ní fún un ní nǹkan kan títí tí ẹbí fi máa gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti ilé ẹjọ́ gíga. Ìyẹn ní owó tirẹ̀ àti àkókò tirẹ̀. Ó yẹ fún ogún tó ní ilé tàbí owó gidi nínú, kò yẹ fún irú iye tó wà nínú ìwé tiyín. Ẹ̀yin wà láàyè, ẹ dúpẹ́.

Ọmọkùnrin ti Sábó yẹn, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: ₦15,000 lẹ máa san kí ẹ lè rí ₦18,450, ẹ ó sì tún pín in. Kí a tiẹ̀ sọ pé olóòótọ́ ni, òfo ni ọjà náà. Kò sí iṣẹ́ tó máa ṣe tí kò jẹ́ pé báńkì ló máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní CBN tó ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́bàá títì. Ohun tí mo bẹ̀rù jù ni pé á ní kí ẹ mú BVN, NIN àti nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù yín wá. Ẹni tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò nílò owó àtijọ́ yín mọ́, ti ìsinsìnyí ló máa kó. Bí ọmọ yín bá ti fi BVN yín hàn án, ẹ má ṣe jẹ́ kó gba nọ́ńbà kankan tó bá wọlé sórí fóònù.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé ó tó ohun tí à ń torí rẹ̀ dìde? Ọ̀rọ̀ tó dùn mí láti sọ nìyí. Ní oṣù tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìkẹyìn sínú ìwé yín, bébà ₦200 ni ó tóbi jù ní Nàìjíríà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ₦500 jáde. ₦18,450 ìgbà náà, owó tí akọ́ṣẹ́ fi ọdún márùn-ún tù jọ, lè bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń rajà ní Sábó mọ ohun tó lè rà lónìí jù mí lọ. Èlé orí àkántì ìfowópamọ́ kò fìgbà kan lágbára tó láti bá ọ̀wọ́n ọjà sáré; ẹ béèrè pé kí wọ́n ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀ kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má ti orí rẹ̀ yá owó. Bí èmi bá ni ẹ̀yin, màá lọ sí báńkì lẹ́ẹ̀kan, màá fi lẹ́tà sílẹ̀, màá kọ̀wé sí CBN bí ó bá yẹ, nítorí pé ìyẹn kò ju owó ọkọ̀ àti owó ẹ̀dà lọ. Mi ò ní gba lọ́yà fún iye yìí. Mi ò sì ní lọ búra ní kóòtù títí báńkì á fi sọ pé àwọn ti rí àkántì náà, ìwé ìbúra nìkan ló kù. Ìtòtẹ̀lé yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé mo ti rí àwọn tó ná ìlọ́po méjì owó wọn lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó wá orúkọ wọn wò. Ohun kan wà tí mi ò lè rí láti orí àga mi: bí ẹ bá gba nínú owó náà pẹ̀lú ìwé mìíràn, tàbí tí wọ́n pààrọ̀ ìwé fún yín nígbà tí èyí kún, iye tí àkọsílẹ̀ wọn máa fi hàn á yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń wò. Kí ẹ ronú padà sí oṣù tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà.

Ó ku ìfọwọ́sí. Kí ẹ tó lọ, ẹ wá ohun mìíràn tí ẹ fọwọ́ sí ní àkókò yẹn: ìwé àdéhùn iṣẹ́ kíkọ́, ìwé ilé ìwé, ẹ̀yìn fọ́tò, lẹ́tà tí ẹ kọ sí ọkọ yín nígbà tí wọ́n ń fẹ́ yín sọ́nà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbàgbé ló máa ń rí i pé orúkọ wọn lásán ni wọ́n ń kọ gbọọrọ ní ìgbà ọmọdé, láìsí dídán kankan, ọwọ́ wọn á sì tún un ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ ọ́ bí ìgbà mẹ́wàá lórí bébà òfo. Ẹ má dánra wò níwájú òṣìṣẹ́ báńkì, nítorí ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé lọ́nà mẹ́ta lójú wọn, olè ni wọ́n máa pè é nínú ọkàn wọn. Bí ẹ kò bá rántí rárá, ẹ sọ ọ́ fún wọn ní gbangba, kí wọ́n fún yín ní fọ́ọ̀mù ìyípadà ìfọwọ́sí, kí wọ́n sì fi ìka yín tó wà lábẹ́ BVN àti àwòrán yín tó wà lára káàdì àtijọ́ dá yín mọ̀. Ẹ bá mi mú fọ́tò kan tí ẹ yà ní Ìbàdàn ní nǹkan bí 1996 dání lọ́jọ́ náà. Kò sí nínú ìlànà kankan, ṣùgbọ́n mo ti rí i níbi tí mánéjà ti gbé fọ́tò bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì tó ti pọ́n, tó wo ojú obìnrin tó wà níwájú rẹ̀, tó sì bu ọwọ́ lu fáìlì.